Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Láti Pápá Ilé Ẹ̀kọ́ dé Pápá Àgbáyé Lórí Àga Oníkẹ̀kẹ́

Ní ọjọ́ ìdíje eré ìje ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà, ìbáà ṣe ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpele, ní Ifọ̀n tàbí ní Ìdóàní, kò sí ẹni tí kò ní iṣẹ́. Àwọn kan ti fi ẹfun fa ìlà sí orí pápá, àwọn kan ń lu ìlù, àwọn òbí ti jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, olùkọ́ sì ti gbé fèrè sí ẹnu. Bí ọmọ kan bá wà ní ilé ẹ̀kọ́ náà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, òun náà kì í ṣàìní iṣẹ́: òun ni a máa ń fi ṣọ́ aṣọ àti bàtà àwọn tí ó ń sáré. Yóò jókòó sí abẹ́ igi, yóò máa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá wọ̀, a óò yìn ín pé ọmọ gidi ni, gbogbo ènìyàn yóò sì gba ilé lọ. Kò sí ẹni tí ó fi ibi ṣe é. Àánú ni wọ́n ṣe fún un. Lórí àánú yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ òní dá lé: ṣé ó ń ran ọmọ náà lọ́wọ́ ni, tàbí òun ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Láyé àtijọ́, àwọn Yorùbá kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú abirùn. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe arọ, abuké àti àfín, nítorí ìgbàgbọ́ wọn ni pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fi wọ́n ṣẹ̀sín, òrìṣà ni ó fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a má fi ènìyàn ṣẹ̀sín, ọ̀tọ̀ ni kí a fún un ní àyè láti fi ohun tí ó lè ṣe hàn. A lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn kí a sì mú un jókòó sí ẹ̀yìn ilé títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ìtàn eré ìdárayá àwọn abirùn kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ògóòró ẹ̀yìn wọn ti bàjẹ́, wọ́n sì fi Ludwig Guttmann ṣe olórí rẹ̀. Oníṣègùn ọmọ Júù ni Guttmann; ó sá kúrò ní Jámánì ní ọdún 1939 nítorí inúnibíni ìjọba Hitler. Ní àkókò náà, èrò ọ̀pọ̀ oníṣègùn ni pé ẹni tí ògóòró ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti bàjẹ́ kò lè pẹ́ láyé mọ́. Wọn a tẹ́ ẹ sí orí bẹ́ẹ̀dì, egbò a dá sí i lára, àrùn ìtọ̀ a mú un, ó sì di dandan kí ó kú. Guttmann kò gbà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n máa yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n gbé wọn dìde, kí eré ìdárayá sì jẹ́ ara ìtọ́jú wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1948, ọjọ́ gan-an tí wọ́n ṣí ìdíje Olympic ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 16, ọkùnrin 14 àti obìnrin 2, ta ọfà lórí àga oníkẹ̀kẹ́ ní ọgbà ilé ìwòsàn náà. Ọdún 12 lẹ́yìn èyí, ní 1960, nǹkan bí irinwó abirùn pàdé ní ìlú Róòmù. Ìdíje ti Róòmù yìí ni a ń kà sí Paralympics àkọ́kọ́.

Eré ìje lórí àga oníkẹ̀kẹ́ wọ inú ìdíje náà ní Tókíò ní ọdún 1964. Mítà 60 péré ni wọ́n sá, nítorí èrò àwọn kan nígbà náà ni pé bí abirùn bá sáré jìnnà yóò pa ara rẹ̀ lára. Ní ọdún 1975, Bob Hall, ọmọ Amẹ́ríkà kan tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ní kékeré, tọ àwọn alákòóso eré ìje ọ̀nà jíjìn ti Boston lọ pé òun fẹ́ bá wọn sá kìlómítà 42. Wọ́n ní bí ó bá lè parí rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta, àwọn yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù. Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 58 ni ó fi parí rẹ̀. Ní ọdún 2024, Marcel Hug, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, fi wákàtí kan, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 33 parí ọ̀nà kan náà. Kò sí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ méjì sáré tí ó tíì súnmọ́ ọn. Láàárín ọdún 49 yìí, ohun tí ó yí padà jù lọ ni àga náà, àti ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ pé ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ lè ṣe.

Àga eré ìje kò jọ àga ilé ìwòsàn rárá. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni ó ní: ńlá méjì lẹ́yìn, tí orí wọn fì sí inú, àti kékeré kan tí ó nà jáde síwájú. Irin fúyẹ́fúyẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, a sì máa ń wọn ara ẹni tí yóò lò ó kí a tó kàn án, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ti ń wọn ènìyàn kí ó tó gé aṣọ. Ẹni náà yóò ká orúnkún rẹ̀, yóò tẹ̀ síwájú, yóò wọ ìbọ̀wọ́ líle, yóò sì máa fi ọwọ́ lu òrùka irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Kì í dì í mú. Lílù ni ó ń lù ú, bí ìgbà tí ènìyàn ń lu ìlù. Apá, èjìká àti èémí ni gbogbo agbára rẹ̀.

Nínú àwọn tí ìtàn wọn fi ọ̀nà yìí hàn kedere ni Tanni Grey-Thompson. Ìlú Cardiff ní ilẹ̀ Wales ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1969. Carys Davina ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rí i bí ó ti kéré tó, ó fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí ‘bíńtín’ pè é, ẹnu ọmọdé kò sì pe ọ̀rọ̀ náà já geere. Bí ó ti di Tanni nìyẹn. Àbùkù ògóòró ẹ̀yìn ni wọ́n bí mọ́ ọn. Bí ó ti ń dàgbà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kọ̀ ọ́, títí ó fi di ẹni tí ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ ní nǹkan bí ọmọ ọdún méje.

Ìjà àkọ́kọ́ nínú ìgbésí ayé rẹ̀ kì í ṣe ti pápá. Nígbà tí ó tó àkókò fún un láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, èrò àwọn aláṣẹ ni pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn abirùn ni ó yẹ ẹ́. Àwọn òbí rẹ̀ kò gbà. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ yòókù ń kọ́, kí ó sì ṣe ìdánwò tí àwọn yòókù ń ṣe. Wọ́n ja ọ̀rọ̀ náà títí ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ St Cyres ní ìlú Penarth. Ní ti eré ìdárayá, ó gbìyànjú oríṣìíríṣìí: ó wẹ̀ lódò, ó ta ọfà, ó gun ẹṣin. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ìje lórí àga. Ní ọdún 1984, ó ṣojú ilẹ̀ Wales ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tí ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, ó sì gba ipò kìíní nínú eré mítà 100. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi eré àga oníkẹ̀kẹ́ hàn ní ìdíje Olympic ti Los Angeles, mítà 800 fún obìnrin àti mítà 1500 fún ọkùnrin. Gbogbo ayé sì rí i.

Ọdún mẹ́rin ni ó fi ti ibẹ̀ dé ìdíje àgbáyé. Ní Seoul ní ọdún 1988, ó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú eré mítà 400. Ó padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó gboyè nínú ìmọ̀ ìṣèlú ní Yunifásítì Loughborough ní 1991. Ní Barcelona ní 1992, ó gba wúrà mẹ́rin, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó sá mítà 400 lórí àga láàárín ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí yóò fi parí Paralympics márùn-ún, ó ti gba àmì ẹ̀yẹ 16, wúrà 11 nínú rẹ̀, ó sì ti borí nínú eré ọ̀nà jíjìn ti Lọ́ńdọ̀nù ní ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ní ọdún 2010, wọ́n fi í sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá wo ìtàn yìí dáadáa yóò rí i pé ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣí kí ti pápá tó ṣí. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá ti gbà pé ibi tí a yà sọ́tọ̀ tó fún ọmọ wọn, bóyá ìwé tí ó kà ì bá má tó èyí tí yóò gbé e dé ipò aṣòfin.

Ẹnìkan lè wí pé òyìnbó ni èyí, àti pé ti Yorùbá yàtọ̀. Ìtàn Adé Adépìtàn dáhùn. Ìlú Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1973. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́ ni rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un, tí ó sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì jẹ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, ó bá àwọn òbí rẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Irin ni wọ́n fi de ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó lè máa rìn, ó sì ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó ọjà, tí wọ́n ń tì í kiri, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera méjì rí i, wọ́n sì pè é wá sínú ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lórí àga oníkẹ̀kẹ́.

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá jókòó sínú àga oníkẹ̀kẹ́ ti gbà pé òun kò lè rìn mọ́. Ó di ìgbà tí ó rí àwọn àgbà òṣèré bí wọ́n ti ń fi àga sáré, tí wọ́n ń kọlu ara wọn, tí wọ́n ń ṣubú tí wọ́n sì ń dìde, kí ó tó mọ̀ pé irinṣẹ́ ni àga náà, bí bàtà ti jẹ́ irinṣẹ́ fún agbábọ́ọ̀lù. Ní Athens ní 2004, ó wà nínú ẹgbẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Ní 2005, ọba obìnrin ilẹ̀ náà fi oyè MBE dá a lọ́lá. Lẹ́yìn náà ó di ẹni tí gbogbo ilé mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì padà wá sí Nàìjíríà láti bá wọn polongo abẹ́rẹ́ àjẹsára sí àrùn tí ó mú òun fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé ojúlówó kòkòrò àrùn náà ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ní ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀, kì í ṣe pé a kò ní akọni. Ní 1992 ni orílẹ̀-èdè yìí kọ́kọ́ lọ sí Paralympics, Ajíbọ́lá Adéoyè tí ó ní apá kan ṣoṣo sì sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 10.72, ó gba wúrà nínú rẹ̀ àti nínú mítà 200. Ní Rio ní 2016, Nàìjíríà gba wúrà mẹ́jọ. Mẹ́fà nínú rẹ̀ wá láti inú gbígbé irin, méjì yòókù láti inú jíju òkò irin àti jíju ọ̀kọ̀. Flora Ugwunwa ni ó ju ọ̀kọ̀, orí ìjókòó ni ó sì ti jù ú. Fọláṣadé Olúwafẹ́míayọ̀ gba wúrà nínú gbígbé irin ní ìdíje Tókíò tí ó wáyé ní 2021, ó sì tún gba a ní Paris ní 2024. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wúrà wọ̀nyí, kò sí ọ̀kan tí ó wá láti inú eré ìje lórí àga oníkẹ̀kẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Irin gbígbé kò ju àga gbọọrọ, ọ̀pá irin àti olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Irin kan ṣoṣo lè kọ́ ogún ènìyàn. Àga eré ìje ní tirẹ̀, ẹnìkan ni a ń kàn án fún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là sì ni iye owó rẹ̀. Ọmọ tí ó ń dàgbà yóò tún ju èyí tí a kàn fún un lọ láìpẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ti ọ̀nà. Ìlú Ọ̀wọ̀ wà ní oríta tí ọ̀nà Àkúrẹ́, ti Kàbà, ti Ìbíní àti ti Ṣìlúkò ti pàdé, ilẹ̀ olókè sì ni. Lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbà, kò sí ibi tí ọmọ orí àga lè fi ṣe ìdánrawò láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu. Lórí pápá onígbò, táyà yóò rì. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ fi ìwọ̀nyí pamọ́, kí a má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn tan ọmọ ọlọ́mọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí àga eré ìje kò bá tíì sí, ohun tí ilé ẹ̀kọ́ lè fi bẹ̀rẹ̀ kò ṣàìsí. Olùkọ́ lè de àga líle mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú okùn àti èèkàn, kí ọmọ náà jókòó sórí rẹ̀ kí ó ju òkò irin. Bí ọmọ bá ní àga oníkẹ̀kẹ́ lásán, a lè wọn mítà 20 lórí kọnkéré ìta kíláàsì, kí a ka ìṣẹ́jú-àáyá tí ó fi sá a, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì tún gbìyànjú ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí kò tilẹ̀ sí ẹni tí yóò bá a díje, yóò bá ara rẹ̀ ti àná díje. Àkọsílẹ̀ yìí ni ọmọ náà yóò fi hàn nígbà tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, nítorí àyè wà fún àwọn abirùn nínú Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogboogbò ti Nàìjíríà, láti ibẹ̀ sì ni a ti ń ṣa àwọn tí yóò ṣojú orílẹ̀-èdè.

Ó yẹ kí olùkọ́ mọ bí a ti ń pín wọn sí ìsọ̀rí. Lẹ́tà T wà fún eré ìje, F wà fún jíju nǹkan. Àwọn tí ń sáré lórí àga nítorí ẹsẹ̀ tàbí ògóòró ẹ̀yìn wà láàárín T51 àti T54. Bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni àìlera ti pọ̀ tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí apá rẹ̀ le tí ìbàdí rẹ̀ kò sì gbó kò gbọdọ̀ bá ẹni tí ìka ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ díje, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti mú ọmọ ọdún mẹ́wàá bá àgbàlagbà jìjàkadì. Ó sì yẹ kí ó mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ògóòró ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́ lè má mọ ìgbà tí ìjókòó bá dá egbò sí i lára, lágùn-ún rẹ̀ sì lè má jáde dáadáa nínú oòrùn. Nítorí náà, ìrọ̀rí, omi, ibòòji àti ìsinmi ṣe pàtàkì ju fèrè lọ. Èrò oníṣègùn sì gbọdọ̀ ṣáájú.

Àwọn kan yóò béèrè pé, níbi tí ọgọ́rùn-ún ọmọ ti ń pín bọ́ọ̀lù kan, ṣé ti ọmọ kan ṣoṣo ni kí a máa rò? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n òfin ti dáhùn apá kan nínú rẹ̀. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ abirùn léèwọ̀, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gírámà jẹ́ ẹ̀tọ́ fún abirùn, pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọdọ̀ ṣeé wọ̀ fún un, kí olùkọ́ kan ó kéré tán tí a kọ́ ní iṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀. Láti ọdún 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ irú àwọn olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti wà ní ìlú Ọ̀yọ́. A kò lè wí pé ìmọ̀ náà jìnnà sí wa. Apá kejì ìdáhùn ni pé ìlà ẹfun méjì lórí kọnkéré kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ orí àga ni yóò dé Paralympics, gẹ́gẹ́ bí kì í ti í ṣe gbogbo ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni yóò dé Olympic. Ohun tí Tanni gbà ní ọjọ́ tí ó borí nínú mítà 100 ní 1984 kì í ṣe wúrà àgbáyé. Ó gbà pé òun wà lára àwọn tí a ń ka iye ìṣẹ́jú-àáyá wọn. Ẹ̀tọ́ yìí ni a ń gbà lọ́wọ́ ọmọ tí a fi ṣọ́ aṣọ ní abẹ́ igi, bí ó ti wù kí ohùn wa dùn tó nígbà tí a ń yìn ín. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ọjọ́ ìdíje tí ń bọ̀, kí olùkọ́ tó fọn fèrè, kí ó wo abẹ́ igi náà. Bí ẹnìkan bá wà níbẹ̀, kí ó lọ bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ẹlòmíràn ni kí ó ṣọ́ aṣọ.